Àwọn Kọ́fẹ̀lì Kì í Kúnlẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Ọlọ́run ṣe òun lóore, kó yé ka ohun tó sọnù, kó máa wo ohun tó kù. Ohun tí Ọláyọdé máa ń sọ fún ara rẹ̀ láràárọ̀ nìyẹn bó bá wọ bọ́ọ̀sì láti Deira lọ sí Sharjah, ní ọdún tó tẹ̀lé èyí tí ọrọ̀ ajé Dubai dẹnu kọlẹ̀. Ohun tó sọnù pọ̀ lóòótọ́. Ilé tí wọ́n kọ́ dé ìdajì dúró láìní òrùlé, àwọn ẹ̀rọ ìgbérù gàgàrà sì dúró lórí wọn bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n jọ ń ṣe sìkiọ́rítì ni wọ́n ti kó sínú ọkọ̀ òfurufú padà sílé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ kù. Ilé gogoro kan ní Al Khan ní Sharjah, létí ọ̀sà, ló ń ṣọ́. Ìdajì yàrá ibẹ̀ ṣófo, àmọ́ ilé tó ṣófo náà ń fẹ́ ẹni tí yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ara rẹ̀ le, ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà lálàáfíà ní Ìkìrun, visa rẹ̀ kò tíì kú. Ó ń dúpẹ́ ṣáá ni. Bí o bá rí i níbi tó ti ń dúpẹ́, o ó rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í jẹ oyè.

Ohun kan ṣoṣo ni kò lè kó mọ́ ọpẹ́ náà, ìyẹn ọ̀rọ̀ Túnjí.

Túnjí kì í ṣe àbúrò rẹ̀ ti ẹ̀jẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló pín ilé bàbá wọn ní Ìkìrun, ojú Ọláyọdé ni wọ́n sì ṣe bí ọmọ náà. Nígbà tó bá a wá iṣẹ́ sìkiọ́rítì ní Dubai, ìyá Túnjí mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó fi lé Ọláyọdé lọ́wọ́ níwájú gbogbo ilé. Ó ní, “Ọláyọdé, ọmọ yìí lágídí bíi bàbá ẹ̀. Bó bá ń gbó ẹ lẹ́nu, má bú u. Àdìgún ni kó o pè é. Bó bá ti gbọ́ oríkì ẹ̀ báyìí, ara ẹ̀ á rọ̀ wọ̀ọ̀.” Ọláyọdé rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbọ́. Fún ọdún bíi mélòó kan, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Bí ọmọ náà bá ti fẹ́ fa ojú ro, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti ní “Àdìgún,” ẹ̀rín á ti yọ.

Yàrá kan ni wọ́n ń gbé ní Al Muteena, ládùúgbò Deira, bedspace mẹ́fà, ìyẹn àyè bẹ́ẹ̀dì tí oníkálukú ń sanwó fún, ló wà nínú ẹ̀, Ọláyọdé sì ni olórí yàrá. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Kí oníkálukú fọ ìkòkò tó bá fi sebẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tan rédíò nígbà tí ẹni tó ṣiṣẹ́ òru bá ń sùn, kí ẹnikẹ́ni má sì mú àjèjì wá sùn láìsọ fún òun. Ti ìkẹyìn yìí ló le jù, nítorí aṣojú onílé máa ń já wọlé láti wá ka orí èèyàn, ojú burúkú ló sì ń mú wá.

Ọdún tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn ni wàhálà dé. Iṣẹ́ òru ni Ọláyọdé ń ṣe nígbà náà. Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ẹrù gbogbo wọn ní kọ̀ríídọ̀, mátírẹ́ẹ̀sì, ìkòkò, bàtà, Bíbélì, gbogbo rẹ̀ ló wà nílẹ̀. Ilẹ̀kùn ti wà ní títì pa, aṣojú onílé sì ń pariwo. Ó ti rí ẹní keje láàárín bẹ́ẹ̀dì. Túnjí ló ń fi ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jesse pamọ́ síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni òun àti Jesse ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fagi lé visa Jesse. Láàárọ̀ tí wọn ò bá tíì rí Ọláyọdé, Jesse á ti jáde lọ wáṣẹ́ kiri; lálẹ́ tí Ọláyọdé bá ti lọ sẹ́nu iṣẹ́, á wọlé.

Ọláyọdé bẹ aṣojú onílé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn. Ìgbà náà ló wá yíjú sí Túnjí níwájú gbogbo àwọn ará yàrá.

“Túnjí, ta ló sọ fún ẹ pé ibí yìí ti di hotel?”

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti cancel visa ẹ̀. Kò níbi tó máa sùn. Ṣé kí n leave am for road ni?”

“O ò lè sọ fún mi?”

“Ẹ máa ní rárá ni.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró gbọnrangandan, ó na ọrùn. Kò wólẹ̀, kò sọ pé ẹ jọ̀ọ́. Ká ní ó wólẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Ìdúró yẹn ló dun Ọláyọdé ju mátírẹ́ẹ̀sì tó wà nílẹ̀ lọ. Inú bí i, ó sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Ó ní, “Kó ẹrù ẹ. Khalas, ó tán. Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́.”

Ó rò pé ọmọ náà yóò dé ẹnu ọ̀nà kó padà wá bẹ̀bẹ̀. Túnjí kò wẹ̀yìn. Ó kó lọ sí Al Quoz, níbi tí wọ́n ti fi í ṣọ́ ilé ìkẹ́rù kan, ó sì rí kọ̀rọ̀ kan sùn sí níbẹ̀. Ó wá di pé wọn kì í rí ara wọn mọ́, àfi ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní Sharjah lọ́jọ́ Jímọ̀, nítorí Jímọ̀ ni ọjọ́ ìsinmi níbẹ̀, níbi tí oníkálukú ti ń gba apá tirẹ̀ lọ.

Gbogbo wa la mọ̀ pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ọláyọdé ti lo ọ̀tún. Òsì wà nínú àpò rẹ̀ láti ìgbà náà, kò sì mọ bí yóò ṣe yọ ọ́ jáde. Àgbà tó lé ọmọ kì í sáré tẹ̀lé e. Ọmọ ló ń kọ́kọ́ wólẹ̀, kí àgbà tó ní kó dìde. Ẹni tí kò wólẹ̀, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ gbé e dìde?

Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni ìyá Túnjí ń pe Ọláyọdé lórí fóònù. Túnjí fúnra rẹ̀ ń pe ìyá rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kò sì tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ìyá kàn fẹ́ kí ẹni tí òun fa ọmọ lé lọ́wọ́ gbọ́ ohùn òun ni.

“Ọláyọdé, ọmọ mi ńkọ́?”

Ọláyọdé á kọjú sí ògiri. “Ó wà dáadáa, Mà. Ó ti jẹun, ó ń sùn.”

“Mo dúpẹ́ o. Ọlọ́run ó bá ẹ tọ́jú tìẹ náà.”

Bó bá ti gbé fóònù sílẹ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí Kọ́lá, tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lókè ti Ọláyọdé, fi mú ìròyìn wá. Ilé-iṣẹ́ kò ní tún contract Túnjí ṣe mọ́. Sátidé, ọjọ́ kejì Ìdúpẹ́ Ìkórè, ni yóò wọkọ̀ òfurufú lọ sílé. Àyà Ọláyọdé já. Bí ọmọ yẹn bá lọ báyìí, ó parí nìyẹn. Wọn ó kàn máa wo ara wọn láti ẹ̀yìn ògiri Ìkìrun náà títí ayé, kí ìyá náà sì mọ irú ọwọ́ tí òun fi ọmọ òun lé.

Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà ni Màmá Dọ́rọ́tì wà. Òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ilé gogoro tí Ọláyọdé ń ṣọ́ ló sì ń gbé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló kọrin níbi ìsìnkú, tí wọ́n gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ wá bá a, tí wọ́n jókòó tì í títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Màmá Dọ́rọ́tì kò gbàgbé. Nígbà tí ìkórè ń bọ̀, ó ní òun ò ní nǹkan ńlá tí òun lè fi dúpẹ́, àfi ìtàn ìdílé òun. Kí àwọn ọmọ Nàìjíríà wá fi ṣeré lọ́jọ́ ìkórè, òun fi ìtàn náà ta wọ́n lọ́rẹ.

Ìtàn ọ̀hún nìyí. Láyé àtijọ́, nígbà tí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbé inú odi olókùúta, tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù irin lọ sógun, ìdílé Kọ́fẹ̀lì ní odi kan lórí òkè. Hámò ni àkọ́bí wọn. Ààfin ló ti dàgbà, òun àti ọmọ ọba jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Nígbà tí ọmọ ọba wá jọba, ó gba odi àwọn Kọ́fẹ̀lì, ó gbé e fún ẹlòmíì tó ń pọ́n ọn lé. Hámò lọ bá a láàfin pé kí ni òun ṣe. Ọba ní kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná. Hámò ní Kọ́fẹ̀lì kì í kúnlẹ̀ fún ẹni tó já ilé rẹ̀ gbà. Ọba bínú, ó kéde pé òfin kò mọ Hámò mọ́, ẹni tó bá rí i kó pa á bí ẹran. Hámò kó àwọn àbúrò rẹ̀, ó di ará igbó. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá lé nílé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń sá lọ, ó sì ń gbà wọ́n. Ẹrù ọba nìkan ló ń dá lọ́nà. Kò fọwọ́ kan ti tálákà. Nígbà tó yá, ọba dá odi padà fún un.

Olúkẹ́mi, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìkórè, ló bi í pé, “Báwo ni ọba ṣe yí ọkàn padà, Ma?”

Màmá Dọ́rọ́tì ní ìdílé òun kò mọ̀. Ohun tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta sàréè Hámò ni wọ́n mọ̀, pé àwọn Kọ́fẹ̀lì kì í kúnlẹ̀. Bàbá òun sọ ọ́ fún òun, bàbá tirẹ̀ sì sọ ọ́ fún un. Ó sọ ọ́, ó na ẹ̀yìn, ìgbéraga arúgbó náà sì dára lójú.

Ó ti dá Ọláyọdé lójú pé òun ni wọ́n máa fi ṣe Hámò. Ta ni kò mọ olóòótọ́ èèyàn bó bá rí i? Àmọ́ Màmá Dọ́rọ́tì wo ikùn rẹ̀, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ní ọba ti dé. Ọláyọdé gba ìwé eré náà, ó kà á nínú bọ́ọ̀sì. Ó ka ibi tí ọba ti ń lé ọkùnrin tó gba aláìnílé sílé. Ó padà kà á. Ooru mú un nínú bọ́ọ̀sì tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó sì dé ibi ìdánrawò, tó rí ẹni tí Olúkẹ́mi mú wá ṣe Hámò, ooru náà pọ̀ sí i. Túnjí ni.

Ọláyọdé fa Olúkẹ́mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Sister, ṣé kò sí ẹlòmíì ni?”

“Ẹlòmíì wo? Kọ́lá ò lè ka line méjì tẹ̀léra. Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ jókòó sórí ìtẹ́ yín jọ̀ọ́. Yalla, ó yá!”

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé nìkan ni àwọn méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọba á bú Hámò, Hámò á fèsì, ojú wọn á pọ́n. Màmá Dọ́rọ́tì á pàtẹ́wọ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń kọ́ ọmọdé léré, òun ò rí ẹni méjì tó mọ̀ ọ́n ṣe tó báyìí rí. Àwọn ará yàrá Al Muteena á wolẹ̀, wọn á máa fi ẹsẹ̀ wa yanrìn. Bí wọ́n bá ti parí, ọba á wọ bọ́ọ̀sì Deira, Hámò á wá ọkọ̀ Al Quoz lọ.

Ìgbà kan ni nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Adé ọba já bọ́, ó yí gbirigbiri dé ẹsẹ̀ Hámò. Túnjí bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Ọláyọdé la ẹnu. Ibi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ ni Màmá Dọ́rọ́tì ti ní kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ọjọ́ ìkórè pé. Ẹ̀yin tó ń béèrè pé kí ni wọ́n ń kórè nínú aṣálẹ̀, ẹ ò bá wá wò ó. Iṣu tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà ní Deira wà níbẹ̀, dàbínù wà níbẹ̀, tòmátì, ọ̀pọ̀tọ́, páálí ìndómì, àgbá omi. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ gbé ohun tó ní wá, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kù náà gbé tirẹ̀ wá. Olúkẹ́mi gba máìkì, ó ní, “Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ jáde wá, ẹ wá dúpẹ́, kẹ́ ẹ má baà di ọlọ́ṣà mọ́ wa lọ́wọ́!” Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta ni Ọláyọdé wà pẹ̀lú adé lórí, ó ń dúró de eré, nígbà tó gbọ́ ohùn kan tí kò mọ̀.

“Praise the Lord! Orúkọ mi ni Jesse. Fujairah ni mo ti wá lónìí, mo ń ṣiṣẹ́ ní hotel níbẹ̀.”

Ọláyọdé yọjú. Kò rí ọmọ náà rí láyé rẹ̀. Ẹní rẹ̀ nìkan ló rí lọ́jọ́sí.

Jesse ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Nígbà tí wọ́n cancel visa mi, I no get anywhere to sleep. Bàbá kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, wọ́n ń pè wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n Ọláyọdé. Wọn ò mọ̀ mí rí o. Túnjí ló lọ bẹ̀ wọ́n fún mi, wọ́n ní, ‘Jẹ́ kó máa bọ̀, Ọlọ́run ló ni ilé.’ Yàrá wọn ni mo sùn sí ní Al Muteena títí landlord fi wá. Túnjí pè mí lọ́jọ́ náà, ó ní kí n má padà wá, kí n má bàa kó bá Ẹ̀gbọ́n, pé Ẹ̀gbọ́n ti wá ibòmíì fún mi ní Ajman. From that place I see work. Ká ní ojú títì ni mo sùn sí, bóyá ọlọ́pàá ti gbé mi. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Ọláyọdé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ilé yín dàrú, sà!”

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́. Ọláyọdé di aṣọ tí wọ́n ta mú. Ṣé bí Túnjí ṣe sọ ọ́ nìyẹn? Ọmọ tó lé jáde, tó ní kó má pe òun ní ẹ̀gbọ́n mọ́, ọmọ ọ̀hún ló ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe rere kiri. Ọmọ náà ló tún wá yàrá Ajman, ó sì fi í sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rùn. Gbogbo ọpẹ́ tí wọ́n ń dá yìí, ti Túnjí ni, òun sì jókòó pẹ̀lú adé lórí, ó ń gbà á. Bí ọlọ́ṣà bá wà nínú ọgbà yìí lónìí, kì í ṣe ẹni tó wọ ẹ̀wù ará igbó.

Wọ́n fa aṣọ, eré bẹ̀rẹ̀. Kò mọ bí òun ṣe sọ ìdajì àkọ́kọ́. Àwọn ará igbó dá ẹrù ọba lọ́nà, àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín, Kọ́lá gbàgbé line rẹ̀ bí wọ́n ṣe retí. Nígbà tó yá, ó kan ìran ìkẹyìn, níbi tí Hámò ti wọ ààfin wá fúnra rẹ̀. Ọba jókòó lórí àga rọ́bà tí wọ́n fi aṣọ wúrà bò. Túnjí wọlé. Òrùka orí agolo mínírà ni òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù ní Al Quoz fi hun ẹ̀wù irin rẹ̀, ó ń dún ṣáráṣárá bó ti ń rìn. Ó dúró níwájú ọba. Ó na ọrùn gan-an bó ti nà án ní kọ̀ríídọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó kan ọba láti bi í pé ta ni ìwọ tó dúró níwájú mi láìkúnlẹ̀.

Màmá Dọ́rọ́tì sọ line náà fún un ní jẹ́jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Ó gbọ́ ọ. Arúgbó náà tún sọ ọ́. Ọláyọdé la ẹnu, ṣùgbọ́n kò sí èdè Gẹ̀ẹ́sì kankan níbẹ̀. Ojú ọmọ náà ló ń wò. Ó ti rù. Lọ́la, yóò lọ.

“Àdìgún,” ni ohun tó jáde.

Túnjí wò ó lójú.

“Àdìgún,” Ọláyọdé tún pè é, omi ti dé ojú rẹ̀. “Àdìgún ọmọ ìyá ẹ̀. Àdìgún tèmi.”

Ariwo òrùka agolo ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Túnjí ti wólẹ̀. Ó na gbalaja síwájú àga rọ́bà náà, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, iwájú orí rẹ̀ sì kan ilẹ̀. Àwọn tó mọ ìtàn wọn fò dìde. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n náà dìde, nítorí kò sí ọmọ Yorùbá tó rí i tí kò mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe eré mọ́.

Àfi Màmá Dọ́rọ́tì. Arúgbó náà ti jáde síta pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti funfun. Ó ní rárá, rárá, àwọn Kọ́fẹ̀lì kì í kúnlẹ̀! Wọ́n ti ba ìtàn náà jẹ́!

Olúkẹ́mi sáré dì í lọ́wọ́ mú. “Mama, he did not kneel, Ma! Wò ó dáadáa. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin ló ń kúnlẹ̀. Ọkùnrin kì í kúnlẹ̀ kí àgbà. Ó dọ̀bálẹ̀ ni. Orúnkún ẹ̀ ò tẹ̀ rárá, Ma, ó nà tán!”

Àwọn ọkùnrin tó ń kúnlẹ̀ gbàdúrà lójoojúmọ́ ayé wọn gbọ́ ọ, wọ́n mi orí, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Màmá Dọ́rọ́tì tẹ̀ síwájú, ó wo orúnkún Túnjí. Ó nà lóòótọ́.

Ọláyọdé ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́. Adé bọ́, kò mú un. Ó di ọmọ náà mú lápá méjèèjì, ó gbé e dìde, ó fà á mọ́ àyà pẹ̀lú ẹ̀wù agolo àti ohun gbogbo.

“Dìde, Àdìgún. Ọpẹ́ tìẹ ni wọ́n ń dá fún mi láti àárọ̀. O fi orúkọ rere bò mí láṣìírí, mo sì lé ẹ jáde. Mo jẹ̀bi. O ṣeun, ọmọ mi. O ṣeun.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú,” ni Túnjí ń wí ní èjìká rẹ̀. “Ó yẹ kí n sọ fún yín. Mo ṣe agídí. Ẹ má bínú sí mi.”

Orin wá bẹ́ sílẹ̀ nínú ọgbà, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó dá a. Jesse, tí kò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nítorí rẹ̀, ló ń jó jù. Ẹnìkan gbé kọ́kọ́rọ́ odi tí wọ́n fi páálí gé fún Ọláyọdé, ó sì fún Hámò, nítorí eré gbọ́dọ̀ parí. Hámò fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Màmá Dọ́rọ́tì jókòó sórí àga rọ́bà ọba. Ó nu ojú. Ó ní wọ́n ti ń bi ara wọn nínú ìdílé òun, láti ìran dé ìran, pé báwo ni ọba ṣe dá odi náà padà. Ó ní òun rò pé òun ti mọ̀ ọ́n báyìí. Òkúta sàréè náà sọ ọ̀rọ̀ orúnkún. Kò sọ ohunkóhun nípa ìdọ̀bálẹ̀.

Wọn ò dúró jẹun tán ní ọgbà. Kọ́lá yá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, wọ́n lọ kó ẹrù Túnjí ní Al Quoz, wọ́n gbé e wá sí Al Muteena, kó lè gba ibẹ̀ lọ pápákọ̀ òfurufú lọ́jọ́ kejì. Ẹlòmíì ti wà lórí bedspace rẹ̀ àtijọ́. Ọláyọdé ní kò sí wàhálà, bẹ́ẹ̀dì òun wà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ìrẹsì ìkórè fún un, ó fi ẹran tó tóbi jù lé e. Túnjí jẹ ẹ́, ó gbà sí i. Ibi tó ti ń sọ ìtàn ilé ìkẹ́rù Al Quoz fún wọn ni oorun ti gbé e lọ, ó nà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òrùka agolo kan ṣì há sí irun orí rẹ̀.

Ọláyọdé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ọ̀sán ṣì mọ́lẹ̀ lẹ́nu fèrèsé. Fóònù dún.

“Ọláyọdé, ọmọ mi ńkọ́?”

Ó wo ọmọ náà.

“Ó ti jẹun, Mà,” ló wí. “Ó ń sùn.”

“Mo dúpẹ́ o, Ọláyọdé.”

“Èmi ni mo dúpẹ́, Mà. Èmi ni mo dúpẹ́.”